Frances Power Cobbe: Obìnrin tó dojú ìjà kọ àwọn oníṣègùn nítorí ajá àti ọ̀bọ

Ẹ yẹ ara ike ọṣẹ tàbí ìpara òyìnbó wò dáadáa. Lára òmíràn, ẹ máa rí àwòrán ehoro kékeré kan tó ń fò. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọn ò fi ẹranko kankan dán ọjà náà wò kó tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó wà nídìí àmì yẹn ni Cruelty Free International. Ọdún 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ nígbà yẹn, obìnrin ẹni ọdún 75 kan ló sì dá a sílẹ̀. Frances Power Cobbe lorúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, àti ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, torí pé ìjà tó bẹ̀rẹ̀ yẹn, a ò tíì jà á tán títí dòní.

Ọmọ olówó tí bàbá rẹ̀ lé jáde

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdún 1822 ni wọ́n bí Cobbe ní ìlú Dublin, lórílẹ̀-èdè Írẹ́láǹdì. Ọdún yẹn gan-an ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe fìyà jẹ ẹṣin, màlúù àti àgùntàn lásán mọ́. Ọmọ Írẹ́láǹdì bíi tiẹ̀, Richard Martin, ló gbé òfin náà wá.

Àwọn òbí Cobbe ní ilẹ̀, wọ́n sì lówó. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n bí kó tó dé, òun nìkan lobìnrin. Wọ́n rán an lọ sí ilé ìwé olówó iyebíye ní Brighton, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin àti ijó, kí wọ́n lè rí ọkọ gidi fẹ́. Ìgbà tó padà sílé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó ti ìwé fúnra ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún 1847. Kò pẹ́ sígbà náà ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò gba ẹ̀kọ́ ìjọ gbọ́ mọ́ bí wọ́n ṣe fi kọ́ òun. Inú bí bàbá, ló bá ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Donegal. Ó lo oṣù bíi mélòó kan níbẹ̀ kí bàbá tó pè é padà pé kó wá máa bójú tó ilé. Nígbà tí bàbá kú lọ́dún 1857, ẹ̀gbọ́n jogún ilé, wọ́n fi £200 lọ́dún lé òun lọ́wọ́. Ló bá di ẹrù ẹ̀. Òun nìkan ló gba Róòmù, Cairo àti Jerúsálẹ́mù lọ, láyé ìgbà tí obìnrin kì í dá rìn.

Nígbà tó dé, ó lọ bá Mary Carpenter ṣiṣẹ́ ní Bristol láàárín àwọn ọmọ tálákà tí wọ́n ti sọ nù sígboro. Lẹ́yìn náà ló kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tóun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mary Lloyd, agbẹ́gilére ará Wales, sì jọ gbé títí ikú fi yà wọ́n.

Akọ̀ròyìn ni òun náà

Lọ́dún 1868, ìwé ìròyìn tuntun kan tó ń jẹ́ Echo bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gba Cobbe síṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lọ, ó ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀, ó ń kọ ọ̀rọ̀ olóòtú, ó sì ń gbowó ẹ̀. Ọdún méje ló fi ṣe é. Lónìí kò jọ wá lójú mọ́, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, obìnrin tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn ò wọ́pọ̀ rárá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹranko nìkan ló ń kọ. Lọ́dún 1878 ó kọ àròkọ kan nípa àwọn ọkọ tó ń lu ìyàwó wọn bí ẹni lu bàrà. Ọdún yẹn náà ni òfin jáde pé obìnrin tí ilé ẹjọ́ bá ti dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi fún ìlùkulù lè kúrò nílé, kó sì máa gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọkọ náà. Lójú Cobbe, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀: ẹni tó lágbára ń jẹ ẹni tí ò lágbára níyà, kò sì sẹ́ni tó máa bi í.

Ẹṣin Alfort, ajá Florence

Ọdún 1863 ni ọ̀rọ̀ ẹranko kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Ìròyìn jáde nípa ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran kan ní Alfort, nítòsí Paris. Àwọn ẹṣin tó ti sin olówó wọn títí agbára fi tán, àwọn ni wọ́n ń dè mọ́lẹ̀ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wọ́n kọ́ṣẹ́ abẹ. Ẹṣin kan ṣoṣo, wọ́n á gé e níhìn-ín, wọ́n á gé e lọ́hùn-ún, láì fún un lóògùn akunilóorun. Bẹ́ẹ̀, oògùn náà ti wà láti ọdún 1846.

Cobbe kọ̀wé lórí ẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà tó lọ sí Florence ní Ítálì, ó gbọ́ pé igbe ajá tó ń jáde láti yàrá ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schiff ò jẹ́ káwọn aládùúgbò gbádùn. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó lé ní 700 èèyàn tó fọwọ́ sí i. Schiff ò dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn o: nígbà yẹn, Cobbe ò tíì sọ pé kí wọ́n má fẹranko ṣèwádìí rárá. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí wọ́n kun ẹranko lóorun kí wọ́n tó fọ̀bẹ kàn án. Òwe wa ló ní ẹni tó máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara ẹ̀ wò. Ibi tí Cobbe dúró sí nìyẹn.

Bí òfin 1876 ṣe jáde

Ní ọdún 1874, dókítà Faransé kan tó ń jẹ́ Magnan wá síbi ìpàdé àwọn oníṣègùn ní Norwich, ó fi abẹ́rẹ́ gún ajá ní ọtí líle lójú gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko, RSPCA, pe ẹjọ́, àmọ́ Magnan ti padà sílé. Cobbe rí i pé òfin tó wà nílẹ̀ ò lè ká ọ̀rọ̀ yìí. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí RSPCA pé kí wọ́n wá òfin tuntun. Àwọn akéwì ńlá bíi Tennyson àti Browning fọwọ́ sí i, síbẹ̀ RSPCA ń fì.

Lóṣù Kejì ọdún 1875, dókítà kan tó ń jẹ́ George Hoggan kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn. Ó ṣàlàyé ohun tójú ẹ̀ rí ní yàrá ìwádìí kan ní Paris, bí ajá ṣe máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá ti ń gbé e gòkè láti àjà ilẹ̀. Kò dárúkọ ọ̀gá ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé Claude Bernard ló ń bá wí. Bernard yìí, kò kéré nínú ìmọ̀ ìṣègùn, òun ló ṣàwárí iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe lórí ṣúgà ara. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin pàápàá kórìíra ohun tó ń ṣe, ìyàwó sì kó jáde.

Cobbe àti Hoggan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Lord Shaftesbury, ẹni tó gbà àwọn ọmọdé lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣekúdórógbó nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, di ààrẹ wọn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀ yìí ni Emanuel Klein, onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti jẹ́wọ́ pé òun ò kì í ro ti ìrora ẹranko tóun bá ń ṣiṣẹ́, pé tóun bá fún un lóògùn, fún ìrọ̀rùn ara òun ni. Ẹnu ya àwọn tó jókòó.

Àbá òfin àkọ́kọ́ le gan-an, kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ajá àti ológbò rárá. Àwọn oníṣègùn bíi 3,000 dìde, wọ́n lọ bá ìjọba. Nígbà tí òfin máa fi jáde lóṣù Kẹjọ ọdún 1876, wọ́n ti rọ̀ ọ́. Ó ní kí olùwádìí gba ìwé àṣẹ, kó sì kun ẹranko lóorun. Ó tún ní curare kì í ṣe oògùn akunilóorun, torí ńṣe ni curare máa ń mú kẹ́ranko má lè mira, bẹ́ẹ̀ ó mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Ṣùgbọ́n olùwádìí tó bá gba ìwé ẹ̀rí pàtàkì lè yẹra fún oògùn náà.

Òfin yìí ni orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso ìwádìí títí di ọdún 1986. Ẹlòmíì á ṣàjọyọ̀. Cobbe ò yọ̀. Lójú ẹ̀, wọ́n ti dà á. Láti ọdún 1878, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yí ohùn padà: kí wọ́n fòpin sí fífi ẹranko ṣèwádìí pátápátá.

Ẹjọ́ ti apá kejì

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá le, torí àwọn tó ń bá jà kì í ṣe òǹrorò lásán. Charles Darwin, ojúlùmọ̀ Cobbe tẹ́lẹ̀, fẹ́ràn ajá bí nǹkan míì. Síbẹ̀, lọ́dún 1881, ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Times pé ẹni tó bá dí ìwádìí lọ́wọ́ ń ṣẹ ọmọ aráyé. Cobbe fèsì, ọ̀rẹ́ bàjẹ́.

Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Cobbe wọ́ David Ferrier lọ sílé ẹjọ́ pé ó la ọpọlọ ọ̀bọ láì gba ìwé àṣẹ. Ẹjọ́ náà fọ́, torí ẹnìkejì rẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n láti ara àwọn ọ̀bọ bẹ́ẹ̀ ni Ferrier ti mọ apá ibi tó ń darí ọwọ́ àti ibi tó ń darí ẹsẹ̀ nínú ọpọlọ. Lọ́dún 1884, ìmọ̀ yẹn ni wọ́n fi mọ ibi tí kókó wà nínú ọpọlọ ọkùnrin kan láì sí àmì lóde orí, dókítà Rickman Godlee sì yọ ọ́. Aláìsàn náà padà kú lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Louis Pasteur fún ọmọdékùnrin kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní àjẹsára tó ti kọ́kọ́ dán wò lára ajá. Ọmọ náà yè.

Cobbe ò gbà. Ó ní rere tó bá ti inú ìwà ìkà jáde kì í ṣe rere. Àwọn alátakò rẹ̀ bi í pé ṣebí ó ń jẹ ẹran. Lóòótọ́ ló ń jẹ ẹ́. Ó ní pípa ẹran ní kíá fún oúnjẹ yàtọ̀ sí dídá a lóró. Àwọn kan láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń jà pàápàá ò gba àlàyé yẹn wọlé.

Ìwé tó kó o sí wàhálà

Lọ́dún 1892, ìwé kan jáde lábẹ́ àbójútó Cobbe, The Nine Circles. Wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti inú ìwé àwọn olùwádìí fúnra wọn, kí aráàlú lè fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹlòmíì ni Cobbe gbé iṣẹ́ ṣíṣà náà fún, kò sì fi ojú ara rẹ̀ yẹ gbogbo ẹ̀ wò.

Nígbà ìpàdé ńlá àwọn ìjọ ní Folkestone lọ́dún yẹn, Victor Horsley, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dìde pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Ó fi hàn pé níbi púpọ̀ tí olùwádìí ti kọ ọ́ pé òun kun ẹranko lóorun, ìwé Cobbe ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Ariwo sọ. Wọ́n kó ìwé náà kúrò lọ́jà, wọ́n tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́.

Èmi ò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀, òtítọ́ nìkan ni ohun ìjà ẹ̀. Ajá ò lè wá sílé ẹjọ́ wá jẹ́rìí. Tí ẹnu agbẹjọ́rò ẹ̀ bá ti ní àbàwọ́n, ẹjọ́ ajá ló bàjẹ́. Àwọn oníwàádìí tó jẹ̀bi gan-an wá rí ibi sá pamọ́ sí, torí ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n á ní ṣe bí ti Folkestone náà kọ́.

Òpin ìrìn àjò

Mary Lloyd kú lọ́dún 1896. Lọ́dún 1898, ẹgbẹ́ tí Cobbe dá sílẹ̀ dìbò pé díẹ̀díẹ̀ làwọn á máa béèrè, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màmá binú jáde, ó lọ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, èyí tó di ti àwòrán ehoro lónìí. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ọdún 1904 ló dágbére fáyé ní Wales, ẹni ọdún 81. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mary Lloyd ní Llanelltyd.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa bí a ṣe rò. Lọ́dún 1927, àwọn olùwádìí tí àjọ Rockefeller kó sí Yaba, l'Ékòó, fi irú ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà kan ṣèwádìí ibà pọ́njú. Ọ̀pọ̀ ọ̀bọ kú. Adrian Stokes, dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Dublin, ìlú tí wọ́n ti bí Cobbe, kó àrùn náà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú l'Ékòó lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Láti ara ìwádìí yẹn ni àjẹsára ti jáde lọ́dún 1937, èyí tí wọ́n ń kọ sínú káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí a fi ń rìnrìn àjò.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí Cobbe fẹ́ ló rí gbà, ó ṣòro kí àjẹsára yẹn tó dé ọwọ́ wa nígbà tó dé. Àmọ́ tí kò bá jà rárá, ta ni ì bá bi olùwádìí bóyá ó kun ẹranko lóorun, tàbí bóyá ó pọn dandan kó lò ó? Lọ́dún 2013, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de títa ohun ìṣaralóge tí wọ́n bá fi ẹranko dán wò. Kò sẹ́ni tó kú nítorí ẹ̀, ìpara ò sì wọ́n lọ́jà. Ìyẹn jẹ́ ká mọ̀ pé nínú ohun tí wọ́n ń fi ẹranko jìyà lé lórí, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló pọn dandan. Cobbe ti ń sọ ọ́ láti ọdún 1863.