Mungo Park àti Obìnrin Ségù

Ẹ̀yin ìyá wa, bí a bá ń nájà ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin, tí a rí àlejò tó rẹ̀ tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, a máa ń rántí Mungo Park. Nígbà tí a ń ṣe tíṣà, bó ṣe dé Odò Ọya ni a fi ń kọ́ ọmọ. A kì í sọ ti obìnrin tó gbà á sílé.

Scotland ni wọ́n bí i sí ní 1771, oníṣègùn ni. Ní July 1796 ó dé Ségù, ní ilẹ̀ Mali òde òní. Ọba kò jẹ́ kí ó sọdá odò, ó ní kí ó lọ sùn ní abúlé kan. Kò sẹ́ni tó gbà á níbẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi láìjẹun títí ilẹ̀ fi ń ṣú, òjò sì ń bọ̀.

Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ rí i. Ó gbé gàárì ẹṣin rẹ̀, ó ní kó máa tẹ̀ lé òun. Ó tan fìtílà, ó tẹ́ ẹní, ó sun ẹja fún un. Àwọn obìnrin ilé náà ń ran òwú, wọ́n sì ń fi í kọrin, wọ́n ń káàánú rẹ̀ pé kò ní ìyá tàbí aya nítòsí. Park kò rí oorun sùn. Oore náà wọ̀ ọ́ lára jù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, nínú bọ́tìnnì idẹ mẹ́rin tó kù lára ẹ̀wù rẹ̀, ó fún un ní méjì.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1799, àmọ́ kò kọ orúkọ obìnrin náà. (Àwa obìnrin náà nìyẹn!)

Nígbà tó padà wá, tòun ti sójà ni. Ìbọn ló fi ń dá àwọn ará etí odò lóhùn, kì í fẹ́ gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ní 1806 ó bá odò náà lọ ní Bussa, ìlú tó wà lábẹ́ Kwara wa títí di 1991.