Ta ni Njoya, ọba Cameroon tó ṣẹ̀dá àmì tirẹ̀?

Bí ọ̀dọ́ kan ní Bépanda, Douala, bá ń fi kóòdù ya àwòrán bí ẹ̀rọ ṣe ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn, òun ló máa pinnu bí àmì róbótó àti ọfà rẹ̀ yóò ṣe rí.

Ọba Njoya ti Bamum ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ní nǹkan bí ọdún 1896 ló bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìkọ̀wé tirẹ̀ ní Foumban, pẹ̀lú àmì bíi 500. Nígbà tó di 1910, ó ti dín wọn kù sí 80. Ní 1912, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi àmì náà kọ orúkọ sórí máàpù.

Ìjọba Faransé lé e lọ sí Yaoundé ní 1931. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1933.

Àmọ́ láti 2009 ni àmì rẹ̀ ti wà nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ọ̀dọ́ Bépanda náà lè kọ ọ́ sínú àwòrán rẹ̀.