Tartaglia, Akólòlò tí ó tú Kókó Ìṣirò

Ní nǹkan bí ọdún 1500 ni a bí Niccolò ní ìlú Brescia, ní ilẹ̀ Ítálì. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ni láti máa gun ẹṣin kó lẹ́tà láti ìlú kan dé èkejì. Ọmọ náà kéré púpọ̀ nígbà tí a pa baba rẹ̀, ìṣẹ́ sì wọlé tọ̀ wọ́n. Ní ọdún 1512, àwọn ọmọ-ogun Faransé kó ìlú Brescia. Niccolò àti ìyá rẹ̀ sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, ṣùgbọ́n ogun bá wọn níbẹ̀. Ọmọ-ogun kan sì fi idà ṣá ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ kò ní owó oníṣègùn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fọ ojú ọgbẹ́ náà títí ó fi jinná. Niccolò yè, ṣùgbọ́n ó di akólòlò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Tartaglia, èyí tí í ṣe akólòlò ní èdè wọn.

Owó ilé-ìwé rẹ̀ tán kí ó tó kọ́ a-bí-dí tán. Síbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Ó dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi di olùkọ́ ìṣirò ní Verona, lẹ́yìn náà ní Venice.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn onímọ̀ a máa pe ara wọn níjà ní gbangba, ẹni tí ó bá borí ni yóò gba iyì. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá rí ọ̀nà titun kì í fi han ẹnikẹ́ni. Scipione del Ferro ti Bologna ti rí ọ̀nà láti ṣe irú ìṣirò kan tí ó ṣòro gidigidi, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó fi hàn kí ó tó kú ní ọdún 1526. Ọ̀kan nínú wọn ni Fior, ẹni tí ó pe Tartaglia níjà ní ọdún 1535. Olúkúlùkù fi 30 ìbéèrè síwájú ẹnìkejì. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, Tartaglia rí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, ó sì borí.

Òkìkí yìí kan dé etí Cardano, oníṣègùn kan ní Milan. Ó bẹ Tartaglia títí, ó sì búra pé òun kò ní tẹ àṣírí náà jáde. Ní ọdún 1539, Tartaglia sọ ọ́ fún un ní àwọ̀ ewì. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, kì í ṣe é kó mọ́. Ní ọdún 1543, Cardano rí i pé del Ferro ti mọ ọ̀nà náà ṣáájú, ó sì kà á sí pé ìbúra náà kò de òun mọ́. Ní ọdún 1545 ó tẹ̀ ẹ́ jáde, bí ó tilẹ̀ dárúkọ àwọn méjèèjì.

Àpẹẹrẹ kan nínú ìwé rẹ̀ ni x³ + 6x = 20. Ọ̀nà náà fún wa ní ìdáhùn tí ó díjú: gbòǹgbò ìlọ́po mẹ́ta ti (√108 + 10), kí a yọ gbòǹgbò ìlọ́po mẹ́ta ti (√108 − 10) kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n 36 lọ́nà 3 ni 108. Nítorí náà √108 kò ju 6√3 lọ. Gbòǹgbò àkọ́kọ́ wá di √3 + 1, èkejì di √3 − 1. Bí a bá yọ èkejì kúrò nínú èkíní, √3 pa √3 rẹ́, 2 ni ó kù. Bí a bá sì fi 2 dípò x, 8 àti 12 di 20 gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ.

Inú bí Tartaglia gidigidi. Ní ọdún 1548, ó lọ sí Milan láti bá Ferrari, ọmọ-ẹ̀kọ́ Cardano, díje, ṣùgbọ́n ó kúrò ní ìlú kí ìdíje tó parí. Ó kú ní Venice ní ọdún 1557. Títí di òní, orúkọ Cardano ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ọ̀nà náà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ tí a bá fi pamọ́ títí lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlérí tí a bá sì yẹ̀, bí epo lára aṣọ àlà ni: a fọ̀ ọ́ títí, àbàwọ́n rẹ̀ kò lọ.