Dókítà Sàpàrà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wọ inú awo nítorí aláìsàn

 Bí wọ́n bá dárúkọ Sàpàrà, Sapara Williams lọ́yà ni ọ̀pọ̀ yín máa ń rántí. Àbúrò rẹ̀, Ọgúntọ́lá, tó jẹ́ dókítà, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lónìí.

Freetown ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1861, ṣùgbọ́n Iléṣà ni bàbá rẹ̀ ti wá kí wọ́n tó mú un lẹ́rú. Scotland ló ti gboyè ìṣègùn ní 1895, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Èkó gbà á síṣẹ́.

Ní 1897, ilẹ̀ẹ́gbóná ń pa wọ́n ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ wò ó o, dókítà ìjọba ni! Ó lè jókòó sí ọsibítù kó máa retí ẹni tó bá fẹ́ gba àjẹsára, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn aborẹ̀ Ṣànpọ̀nná ń ba ará ìlú, àwọn aborẹ̀ yìí náà ló sì ń kó ẹrù ẹni tí àìsàn náà bá pa. Ni Sàpàrà bá yọ́ wọ ẹgbẹ́ awo wọn bí ọmọ awo. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n á fi kó o ran ẹlòmíì. Ká ní àṣírí rẹ̀ tú ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Wàhálà rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà ní 1907, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà!

Kí ni wọ́n fi san án fún un? Lọ́dún 1902, òyìnbó ṣe òfin iṣẹ́ kan fún dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọlé. Àwọn dókítà dúdú wà lọ́tọ̀, owó oṣù wọn kéré, wọn ò sì lè ṣe ọ̀gá òyìnbó, ì báà jẹ́ àná ni òyìnbó ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Sàpàrà ò torí ẹ̀ fi aláìsàn sílẹ̀. Ó ń fi ewé àti egbò kún oògùn òyìnbó, ó sì ní àgbo tirẹ̀ fún ikọ́ ife. Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó kú ní 1935.

Ẹni tó bá ní fọ́tò rẹ̀ nílé, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí wa.