Carl Friedrich Gauss, Ẹni tí ó Fi Ìṣirò Wá Ọjọ́ Ìbí Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí a bí yín? Púpọ̀ nínú yín ni òbí yín ti kọ ọjọ́ ìbí yín sínú ìwé. Ìyá ọkùnrin tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ìṣirò ni ọmọ náà fi wá ọjọ́ ìbí rẹ̀ rí nígbà tí ó dàgbà. Orúkọ rẹ̀ ni Carl Friedrich Gauss.

Ìlú Brunswick ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí Gauss. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ agbára, bíi iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ ọgbà, ni bàbá rẹ̀ fi ń bọ́ ilé. Dorothea ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìyá yìí kò mọ ìwé kọ, nítorí náà kò kọ ọjọ́ tí ó bí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó rántí pé Ọjọ́rú ni òun bí ọmọ náà. Ó tún rántí pé ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí àwọn onígbàgbọ́ ṣe ọdún Ìgòkè-re-ọ̀run.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan nípa Gauss nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ro gbogbo nọ́ńbà láti orí 1 dé 100 pọ̀. Kí àwọn yòókù tó ṣe díẹ̀, Gauss ti gbé síléètì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rí i pé 1 àti 100 jẹ́ 101, pé 2 àti 99 náà jẹ́ 101, àti pé irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ jẹ́ 50. Ìdáhùn rẹ̀ ni 5,050.

Bàbá rẹ̀ kò ní owó ilé-ìwé gíga. Olórí tí ó ń ṣe àkóso Brunswick gbọ́ nípa ọgbọ́n ọmọ náà, ó sì ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Báyìí ni Gauss ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 1792, tí ó sì lọ sí Yunifásítì Göttingen ní ọdún 1795.

Ní ọdún 1800, Gauss gbé ìṣirò tuntun kan jáde. Ẹ mọ̀ pé ọdún Àjíǹde kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, nítorí pé òṣùpá ni a fi ń mọ ìgbà rẹ̀. Ìwé gígùn ni àwọn ènìyàn ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ ọjọ́ náà. Gauss fi hàn pé ìṣirò nìkan tó. A óò fi 19, 4 àti 7 pín ọdún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò sì fi àwọn àṣẹ́kù rẹ̀ ṣe ìyókù iṣẹ́. Ní ọdún 1816, ó tún apá kan ìṣirò náà ṣe kí ó lè péye sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 1777 tí a bí i. Ìṣirò yìí fi hàn pé ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni Àjíǹde ọdún náà. Ìgòkè-re-ọ̀run sì ni ogójì ọjọ́, bí a bá ka ọjọ́ Àjíǹde mọ́ ọn. Ọjọ́ méjì ló kù nínú oṣù kẹta, ọjọ́ 30 wà nínú oṣù kẹrin, ó wá ku ọjọ́ 8. Nítorí náà, ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ni Ìgòkè-re-ọ̀run. Bí a bá ka ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, a óò dé ọjọ́ 30 oṣù kẹrin. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti wí!

Ní ọdún 1801, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ rí ohun tuntun kan ní ojú ọ̀run, tí wọ́n pè ní Ceres, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọn kò fi rí i mọ́. Gauss ṣírò ibi tí yóò ti tún yọ, wọ́n sì rí i ní ìtòsí ibẹ̀. Láti ọdún 1807 ni ó ti di olórí ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní Göttingen.

Gauss tún fẹ́ràn láti máa ka iye ọjọ́ tí ènìyàn lò láyé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1853, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alexander von Humboldt, pé yóò pé 30,766 ọjọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù náà, iye ọjọ́ tí Isaac Newton lò láyé gan-an.

Irú ìṣirò yìí fẹ́ ìṣọ́ra. Ọdún tí a bá fi 4 pín tí kò ní àṣẹ́kù ní ọjọ́ 366. Ṣùgbọ́n bí òdo méjì bá parí ọdún náà, 400 ni a óò fi pín in. Nítorí náà, ọdún 1800 ní ọjọ́ 365, ọdún 2000 sì ní 366. Lónìí, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà a máa fi ìṣirò ọjọ́ dánra wò. Bí wọ́n bá gbàgbé òfin kékeré yìí, ìdáhùn kọ̀ǹpútà wọn kò ní bára mu.

Gauss kò gbàgbé ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Dorothea gbé nígbà ogbó, títí ó fi kú ní ọdún 1839. Gauss fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1855, lẹ́yìn tí ó ti lo 28,422 ọjọ́ láyé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ àgbà tí kò mọ̀wé. Ohun tí ìyá rántí ni ọmọ fi ṣe ìṣirò.

Ìdánrawò
1. Ohun méjì wo ni ìyá Gauss rántí?
2. Ọjọ́ mélòó ni ó wà nínú ọdún 1900? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Ṣírò iye ọjọ́ tí o ti lò láyé títí di òní.