William Lyons: Ọkùnrin tó dá Jaguar sílẹ̀, tí kò rí àrólé fi í lé lọ́wọ́

Ẹni tó bá ń gba títì márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kọjá ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti Lekki títí dé Ajah, yóò rí àwọn mọ́tò tí àwọn oníṣòwò pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni pàtẹ ọsàn. Tuntun wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ra mọ́tò rí mọ̀ pé gbàrà tó bá ti jáde lọ́wọ́ ẹni tó tà á ni owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bó ṣe ń gbó ni owó ń dín kù, títí tí yóò fi di ti àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ṣùgbọ́n mọ́tò kan wà tí tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní Monterey, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé mọ́tò eré ìje kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1955 síta fún gbàǹjo. Jaguar D-Type ni. Kò ní òrùlé, ó sì ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi máa pa gbàǹjo náà dé, owó rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 21.78 dọ́là. Títí di ọjọ́ náà, wọn kò tíì ta mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì kankan tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbàǹjo.

Ọkùnrin tó dá ilé iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀, Sà William Lyons, ti kú láti ọdún 1985. Ọdún 1955 tí wọ́n ṣe mọ́tò olówó iyebíye yìí gan-an ni ọdún tí ohun tí owó kò lè rà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ Jaguar kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà Èkó. Láyé ìgbà òmìnira, mọ́tò ọlọ́lá ni. Nígbà tí Cyprian Ekwensi kọ ìwé ìtàn rẹ̀, Jagua Nana, tó jáde ní ọdún 1961, mọ́tò yìí ló fi sọ obìnrin inú ìtàn náà lórúkọ, nítorí oge àti ẹwà rẹ̀. Èkó náà ni ìtàn ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ Coscharis, tó ní ọgbà ní Awoyaya lẹ́yìn Ajah, ta Jaguar ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlú Blackpool, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí William Lyons ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1901. Ará Ireland ni bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta dùùrù àti àwọn ohun èlò orin ló sì ní. Ọkàn William kò sí nínú dùùrù. Alùpùpù ló fẹ́ràn. Ó kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nílé iṣẹ́ Crossley ní Manchester, ó sì padà sílé wá bá wọn ta mọ́tò.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ William Walmsley wá di aládùúgbò wọn. Nínú ilé ló ti ń ṣe ìjókòó ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ alùpùpù kí èèyàn kejì lè rí ibi jókòó sí. Lyons ra ọ̀kan, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé owó wà nínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, nígbà tó pé ẹni ọdún mọ́kànlélógún, àwọn méjèèjì dá ilé iṣẹ́ Swallow sílẹ̀. Àwọn bàbá wọn ló dúró fún wọn ní báǹkì kí wọ́n tó rí £1,000 lò.

Nígbà tó di ọdún 1927, wọ́n bọ́ sórí mọ́tò. Austin Seven, mọ́tò kékeré tí agbára mẹ̀kúnnù ká, ni wọ́n mú, wọ́n sì fi bọ́dì tuntun tó rẹwà wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ agbádá fún ọkọ ìyàwó. Ọjà yá. Ní ọdún 1928, wọ́n kó lọ sí Coventry, níbi tí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò pọ̀ sí. Ní ọdún 1931, wọ́n gbé SS1 jáde ní £310, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá wò ó yóò rò pé £1,000 ni. Ọgbọ́n òwò Lyons nìyẹn títí dé òpin: kí ọjà jọ ti ọba, kí owó rẹ̀ má pa oníbàárà.

Kì í ṣe ẹni tó ń ya àwòrán mọ́tò sórí ìwé. Ńṣe ló máa ń dúró ti àwọn tó ń lu irin, a ní kí wọ́n tẹ ibí, kí wọ́n fa ọ̀hún gùn, títí mọ́tò náà yóò fi bá ojú rẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà, a ní kí wọ́n gbé e wá sílé òun, kí òun lè wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bí oníbàárà yóò ṣe rí i.

Orúkọ Jaguar kọ́kọ́ jáde lára mọ́tò wọn ní ọdún 1935. Walmsley ti bá tirẹ̀ lọ nígbà náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, Lyons yọ SS kúrò pátápátá, nítorí orúkọ àwọn ọmọ ogun ìkà Hitler nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Nínú ogun yẹn kan náà, nígbà tí òun àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ lóru nítorí bọ́ǹbù, wọ́n jọ ń ronú ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹ́ńjìnnì náà ló wà nínú XK120 tí wọ́n fi han gbogbo ayé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1948. Máìlì 120 ni wọ́n ní ó lè sá ní wákàtí kan, ohun náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìdíje Le Mans lọ, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí mọ́tò ti ń sáré fún wákàtí mẹ́rìnlélógún láìdúró, àfi bí wọ́n bá fẹ́ bu epo tàbí tún nǹkan ṣe. Jaguar gba ipò kìíní ní ọdún 1951, ó tún gbà á ní 1953.

Lyons bí ọmọ mẹ́ta: obìnrin méjì, ọkùnrin kan. Patricia, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, mọ eré mọ́tò dáadáa. Òun àti ọkọ rẹ̀, Ian Appleyard, jọ gba ife-ẹ̀yẹ nínú ìdíje ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n John, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nílé, ni bàbá ń tọ́ láti jogún iṣẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1955, John wa Jaguar lọ sí Le Mans láti lọ wo ìdíje. Kò débẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ forí sọ mọ́tò àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lójú ọ̀nà ní ilẹ̀ Faransé, ó sì kú. Wọn kò fagi lé ìdíje. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, mọ́tò Mercedes kan fò wọ àárín èrò ìwòran, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rin. Àwọn ará Jámánì kó mọ́tò wọn nílẹ̀ lóru, Jaguar D-Type ló sì wọlé ṣáájú lọ́jọ́ kejì. Ife-ẹ̀yẹ dé Coventry, òkú ọmọ náà sì wà nílẹ̀ fún bàbá.

Lyons padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 1956, Ọbabìnrin Elizabeth fi oyè Sà dá a lọ́lá. Lọ́dún kan náà, àwọn ará Scotland tó ń jẹ́ Ecurie Ecosse fi D-Type tiwọn gba Le Mans. Mọ́tò yẹn gan-an ni wọ́n wá tà ní gbàǹjo ní 2016.

Bẹ́ẹ̀, nígbà náà, ọjà D-Type kò yá. Àwọn kan wà nílẹ̀ tí wọn kò rí ẹni rà. Lyons ní kí wọ́n sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n di mọ́tò tí èèyàn lè wà lójú títì, wọ́n sì pè é ní XKSS. Ní alẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 1957, iná sọ nílé iṣẹ́, ó jó apá ńlá níbẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà sì bá iná lọ. Mẹ́rìndínlógún péré ló rí ayé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti padà sídìí iṣẹ́ lábẹ́ òrùlé tó jó.

Ní oṣù kẹta ọdún 1961, wọ́n gbé E-Type jáde ní Geneva. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Owó ń wọlé, orúkọ sì ti kàn. Ṣùgbọ́n Sà William ti ń dàgbà, kò sì rí ẹni tí yóò gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1966, ó fi Jaguar mọ́ ilé iṣẹ́ BMC. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n di ara British Leyland, níbi tí rògbòdìyàn òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ tí kò dán mọ́rán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ náà jẹ́. Ó fẹ̀yìn tì ní 1972, ó sì ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti òkèèrè. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1985 ló kú ní ilé rẹ̀, Wappenbury Hall, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀, Ford ti Amẹ́ríkà ra Jaguar, ó sì di ti Tata, ará Íńdíà, ní ọdún 2008.

Ní 2016 kan náà tí wọ́n ṣe gbàǹjo ọ̀hún, Jaguar kéde pé àwọn yóò tún XKSS mẹ́sàn-án tó jóná ṣe, iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ohun tí iná jó ti rí ẹni tún un ṣe, ó sì tún rí ẹni rà á. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ Sà William lọ́nà Le Mans ní ọdún 1955, kò sí gbàǹjo tó lè dá a padà.