Anna Hinderer: Ìyá Àwọn Ọmọ ní Kúdẹtì

Nígbàkígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n gbin Ìhìnrere sí ilẹ̀ Ìbàdàn, orúkọ Àlùfáà David Hinderer ni a máa ń kọ́kọ́ pè. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé aya rẹ̀, Anna, tí àwọn ọmọdé Kúdẹtì kò pè ní orúkọ mìíràn ju Ìyá lọ. Obìnrin yìí kò bí ọmọ kankan. Kò gba oyè àlùfáà, nítorí pé ìjọ rẹ̀ kì í fi obìnrin jẹ oyè náà ní ìgbà ayé rẹ̀. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, nítorí pé ọdún 1860 ni Florence Nightingale ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú London, nígbà tí Anna ti wà láàrín wa fún ọdún púpọ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ olùtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run àti iṣẹ́ ìyá ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

A bí Anna Martin ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827 ní Hempnall, ìletò kan ní agbègbè Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó ṣe, ó lọ gbé ní ìlú Lowestoft lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, lẹ́yìn náà ni Àlùfáà Francis Cunningham àti aya rẹ̀, Richenda, gbà á sínú ilé wọn. Àbúrò Elizabeth Fry, obìnrin olókìkí tí ó jà fún ire àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ni Richenda jẹ́. Nínú ilé yìí ni Anna ti kọ́ láti máa bẹ àwọn tálákà àti aláìsàn wò, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tí kò ní ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìyá fún ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852 ni ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ ìránṣẹ́ C.M.S. ti rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1849. David ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1851, àwọn ìjòyè sì ti gbà á láàyè láti padà wá. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn tí tọkọtaya náà fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853, wọ́n gba ojú odò Ògùn dé Abẹ́òkúta, wọ́n sì wọ Ìbàdàn ní ìparí oṣù kẹrin. Kò sí obìnrin òyìnbó kankan tí ó ti wọ ìlú náà rí ṣáájú Anna, nítorí náà tọmọdé tàgbà ni ó tú jáde láti wò ó.

Ìlú àwọn jagunjagun ni Ìbàdàn ìgbà náà. Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun wọn. Àwọn alágbára wọ̀nyí kò ṣe Anna níbi, ṣùgbọ́n ibà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ikú pa lára àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n jọ wá sí ilẹ̀ yìí kí ọdún tó yípo. Bí ibà bá gbé ọkọ rẹ̀ ṣánlẹ̀, òun ni yóò jókòó tì í. Bí òun náà bá sì dìde lórí àìsàn, àwọn aláìsàn ìlú yóò ti máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ilé ìwòsàn, kò sí dókítà nítòsí. Ìwọ̀nba oògùn tí ó kó wá láti òkè òkun, omi mímọ́ gaara, aṣọ tí a fi ń di egbò, sùúrù àti àdúrà ni ohun èlò rẹ̀.

Ní Kúdẹtì ni wọ́n kọ́ ilé alámọ̀ wọn sí, pẹ̀lú ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rù ìwé ń ba ọ̀pọ̀ òbí. Wọn kò fẹ́ kí ìwé sọ ọmọ wọn di ojo tí kò ní lè lọ sógun. Ìjòyè Olúnlóyọ̀ ni ó kọ́kọ́ ní ìgboyà, tí ó fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Anna lọ́wọ́. Báyìí ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé náà kún. Anna kọ́ wọn ní ìwé, orin àti aṣọ rírán. Ó wẹ̀ wọ́n, ó bọ́ wọn, ó sì sun ẹ̀bá ẹní wọn nígbà tí ara wọn kò dá. Àwọn baba wa ní àjùmọ̀bí kò kan ti àánú. Òdodo ọ̀rọ̀ yìí hàn ní Kúdẹtì lójoojúmọ́.

Ìdánwò ńlá dé ní ọdún 1860. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Àtìbà, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ láti tẹríba fún Adélù, ọmọ ọba tí ó jókòó sórí ìtẹ́. Ogun bẹ́ láàrín Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì ti Ìjàyè lẹ́yìn. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà dí. Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862, ṣùgbọ́n ogun kò parí síbẹ̀. Ọ̀nà Èkó kò là títí di ọdún 1865. Owó kò wọlé, lẹ́tà kò wọlé, oògùn pẹ̀lú kò wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì wà nínú ilé náà tí ebi ń pa.

Kí ni ìyá lè ṣe? Ẹrù ilé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ. Ẹ̀wà àti iṣu di oúnjẹ gbogbo ilé. Anna ń rù, àìsàn rẹ̀ sì ń le sí i, ṣùgbọ́n kò lé ọmọ kankan jáde.

Nígbà tí ìròyìn ipò rẹ̀ dé Èkó, Glover, tí ó ń ṣe àkóso níbẹ̀, rán Ọ̀gágun Maxwell àti àwọn ènìyàn díẹ̀ láti gba ọ̀nà inú igbó wá gbé e ní oṣù kẹrin ọdún 1865. Kíákíá ni ó ní láti gbéra kí ọ̀nà tó tún dí. Ọkọ rẹ̀ kò lè bá a lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi agbo Ọlọ́run lé lọ́wọ́ lójijì. Nínú àmọ́kù ni wọ́n gbé e lọ, ó sì fi ọkọ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ láìmọ̀ bóyá òun yóò tún fojú kàn wọ́n.

Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n tún rí ara wọn, ó sì tún padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán. Ní ọdún 1869 ni tọkọtaya náà kúrò pátápátá. Anna sùn nínú Olúwa ní Martham, ní Norfolk, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ di ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1872.

Ẹ̀yin olùkà wa ọ̀wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé obìnrin yìí fi ara rẹ̀ ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a wo èso rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó kò sí ní Kúdẹtì mọ́, ìjọ kò túká. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó dàgbà nínú iṣẹ́ ìsìn lábẹ́ ọwọ́ tọkọtaya náà, ni ó ń bójú tó o, a sì fi í jẹ oyè díákónì ní ọdún 1871. Samuel Johnson, tí ó kọ́ ìwé ní Kúdẹtì nígbà èwe rẹ̀, ni ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà títí di òní. Ní ọdún 1899, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì. Ìjọ St. David sì wà níbẹ̀ títí di àkókò yìí.

Nínú ìjọ wa lónìí, a ní àwọn obìnrin tí wọ́n ń tọ́ ọmọ tí wọn kò bí, tí wọ́n ń ṣọ́ aláìsàn mọ́jú, tí a kì í sì í pe orúkọ wọn láti orí pẹpẹ. Irú ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ó wà lọ́wọ́ Anna ní Kúdẹtì. Ó yẹ kí a mọ iyì wọn, kí a sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.